Kì í Ṣe Pé A Kò Fẹ́ Mọ́tò Oníná, Owó Rẹ̀ Ni Apá Wa Kò Ká

 

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ nígboro tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tí wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí wọn lára ń sọ pé àwa, pàápàá àwa tí a wà létí ibodè Nàìjíríà, a kò fẹ́ mọ́tò tó ń lo iná. Wọ́n ní kpayo ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀. Wọ́n ní ìjọba ti ṣe tirẹ̀, ó ti mú owó dúwánì àti TVA kúrò lórí mọ́tò oníná tuntun, ṣùgbọ́n aráàlú kò jáde wá rà á, nítorí pé ojú wa kò tíì là.

A gbọ́, ṣùgbọ́n a kò gbà. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ti ṣiṣẹ́ ìjọba ju 30 ọdún lọ. A mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn tó ń gbé ẹ̀bi ka aráàlú lórí nígbà tí ètò kò bá yọrí sí rere. Àwa náà ti kọ irú rẹ̀ rí, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba, bí a ṣe ń ṣírò owó àjọ lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ka owó ná

Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Benin ni 52,000 F, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ní Tógò, 52,500 F ni. Ìyẹn fún ẹni tó bá tiẹ̀ rí iṣẹ́ tí a ń kọ orúkọ ẹni sílẹ̀ fún o. Ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà Kétu kò mọ ohun tó ń jẹ́ SMIG. Ẹ fi oṣù 12 mú 52,000 F yìí: 624,000 F lọ́dún.

Ó yá, ẹ wo mọ́tò. Ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò oníná tí kò wọ́n jù ní Faransé ni Dacia Spring. Nígbà tí ó jáde lọ́dún 2021, iye rẹ̀, kí ìjọba wọn tó fowó ran olùrà lọ́wọ́, jẹ́ 16,990 yúrò. Yúrò kan jẹ́ 655.957 F. Ẹ sọ ọ́ di owó tiwa, ó lé ní mílíọ̀nù 11. Ẹni tó ń gba SMIG yóò tọ́jú gbogbo owó rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 18, kò ní jẹun, kò ní san owó ilé, kò ní rán ọmọ níléèwé, kí ó tó lè rà á. Tòun ti bẹ́ẹ̀, mọ́tò náà ṣì wà ní Faransé nígbà náà, kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ ó ní àwọn ará Ṣáínà ń ta tiwọn ní pọ́ọ́kú. Òótọ́ ni. Mọ́tò kékeré BYD tí wọ́n ń pè ní Seagull wà ní nǹkan bí 70,000 yuan ní Ṣáínà lọ́dún 2024, tí í ṣe bíi mílíọ̀nù 6 F. Ọdún 9 ààbọ̀ ni ìyẹn fún ẹni tó ń gba SMIG, bí kò bá jẹ, bí kò bá mu.

Ọ̀kan nínú wa, ọ̀gá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, wọ ilé ìtajà mọ́tò kan ní Kútọnu lọ́jọ́sí. Ó wọ agbádá, wọ́n fún un lómi tútù. Ó béèrè iye mọ́tò oníná tí wọ́n gbé sójú fèrèsé. Ọmọbìnrin tó ń tajà kúnlẹ̀ kí i, ó ní: "Bàbá, mílíọ̀nù 24 ni, a ti yọ owó dúwánì kúrò." Bàbá mu omi rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó bọ́ síta, ó pe zémijàn. Nígbà tó ń ròyìn fún wa, ó ní nínú gbogbo ìdáríjì dúwánì tí ìjọba ṣe, omi tútù yẹn nìkan ló kan òun.

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò pani lẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti jẹ ọ̀gá rèé o. Kí ni ti olùkọ́, kí ni ti nọ́ọ̀sì, kí ni ti dírẹ́bà tó ń ná Àjàṣẹ́ sí Kútọnu?

Ta ni ìdáríjì yìí ń ràn lọ́wọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ta wá lára gan-an nìyí. A kò sọ pé mọ́tò oníná kò dára. Ó dára. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe dára tó.

Mọ́tò oníná kékeré máa ń jẹ nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí 15 fún 100 kìlómítà. Bí a bá ka kílówáàtì-wákàtí kan sí 130 F, ó di 1,950 F. Mọ́tò ẹsáǹsì tó ń mu lítà 7 fún 100 kìlómítà, bí a bá ka lítà kan sí 650 F, yóò gba 4,550 F. Èrè 2,600 F ló wà nínú 100 kìlómítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá fi méjì wéra. Ọ̀gá kan ń wa mọ́tò rẹ̀ láti ilé dé ọ́fíìsì, 10 kìlómítà lójúmọ́ ni. Èrè rẹ̀ jẹ́ 260 F, kò ra búrẹ́dì méjì. Dírẹ́bà takisí ń rin 200 kìlómítà lójúmọ́. Èrè tirẹ̀ jẹ́ 5,200 F lójúmọ́. Bó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 25 lóṣù, 130,000 F ni, ju SMIG méjì lọ. Lọ́dún kan, 1,560,000 F. Bí dírẹ́bà yìí bá rí mọ́tò oníná ní mílíọ̀nù 6, èrè ẹsáǹsì nìkan á san owó mọ́tò náà kí ọdún mẹ́rin tó pé.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tí mọ́tò oníná wúlò fún jù ni ẹni tí kò lè rà á. Ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ló ń rà á, òun náà ni ìjọba sì ń dárí owó dúwánì jì. Bí mọ́tò bá ṣe wọ́n tó ni owó tí a ń dárí jì í ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó ra ti mílíọ̀nù 40 jèrè lọ́wọ́ ìjọba ju ẹni tó ra ti mílíọ̀nù 10 lọ. Ẹni tí kò rí rà, òun ló ń san TVA lórí ọṣẹ àti bàtà ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, a ń fi ọbẹ̀ tálákà tọ́ ọlọ́rọ̀ lẹ́nu wò.

Ẹnìkan á ní: "Kí dírẹ́bà lọ yá owó." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yá a. Lọ́dún 2014, òfin UEMOA jẹ́ kí báǹkì gba èlé dé 15%, kí àwọn ilé owó kéékèèké sì gbà á dé 24%. Báǹkì kì í wojú dírẹ́bà tí kò ní ìwé ilẹ̀. Ilé owó kéékèèké ló máa lọ. Bó bá yá mílíọ̀nù 6 ní 24%, èlé ọdún àkọ́kọ́ nìkan á tó 1,440,000 F. Èrè tó rí lórí ẹsáǹsì lọ́dún, 1,560,000 F ni. 120,000 F ló kù lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, kò sì tíì fi kọ́bọ̀ kan dín owó mọ́tò fúnra rẹ̀ kù. Èlé ti jẹ ẹran, ó fi egungun sílẹ̀.

Èyí ni wọ́n ń pè ní "aráàlú kò fẹ́". Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ẹ gbé oúnjẹ sórí pẹpẹ, ẹ wá ń pariwo pé ebi kò pa ọmọ.

Àwọn tó ṣe é yọrí, báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Wọ́n máa ń tọ́ka sí Norway fún wa. Lọ́dún 2024, nínú mọ́tò tuntun 100 tí wọ́n rà níbẹ̀, bíi 89 ló jẹ́ oníná pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìtàn náà tán. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń yọ owó orí kúrò lórí mọ́tò oníná, tí wọ́n sì ń fi owó orí ńlá lu mọ́tò ẹsáǹsì. Ọdún tó lé ní 30 ni, nínú ìlú tó lówó epo rọ̀bì, tí iná wọn kì í ṣẹ́jú.

Ẹ wo Faransé tí a kọ́ ìwé rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba ibẹ̀ ṣí ètò kan pé kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó sì ń rìn jìnnà lọ síbi iṣẹ́, máa fi nǹkan bí 100 yúrò lóṣù gba mọ́tò oníná lò. Oṣù kejì kò tíì parí tí wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn ètò náà, nítorí pé ìdílé tó lé ní 50,000 ti ya bò ó. Àwọn ènìyàn tí wọ́n sọ pé wọn kò fẹ́ mọ́tò oníná nìyẹn o! Ọjọ́ tí iye rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí apá wọn ká a, wọ́n fẹ́ ẹ. Tálákà Faransé àti tálákà Ìtàkété, ọkàn kan náà ni wọ́n ní, àpò nìkan ló yàtọ̀.

Etiópíà náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2024, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kó mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń lo ẹsáǹsì wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní iná tiwọn láti inú odò. Àwa ṣì ń ra iná lọ́wọ́ aládùúgbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Maria-Gléta ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà a kò ní kí ẹ fi ipá ṣe é. Ẹni tó bá ti ẹsáǹsì mọ́ wa lójú lónìí láìfi nǹkan míì rọ́pò rẹ̀, ó ti ti ilé oúnjẹ mọ́ wa lójú nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ ẹlẹ́nu méjì

Oríṣi mọ́tò kan tún wà tí àwọn Faransé ń pè ní hybride rechargeable. Ó ní ẹ́ńjìnnì ẹsáǹsì, ó tún ní bátìrì tí a lè ki bọ iná. Àwọn kan ń sọ pé irú èyí ló yẹ wá, nítorí pé bí iná bá lọ, ẹsáǹsì wà.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, Àjọ Yúróòpù fi ohun tí àwọn mọ́tò yìí ń mu gan-an lójú pópó wé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn. Èéfín tí wọ́n ń tú jáde jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ ohun tí ìwé sọ. Kí ló fà á? Pàtàkì nínú rẹ̀ ni pé àwọn tó ni wọ́n kì í ki wọ́n bọ iná tó. Ẹsáǹsì ni wọ́n ń rà sí i. Èyí sì ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù, níbi tí iná wà ní gbogbo ìgbà. Níbo ni ọ̀gá tiwa yóò ti máa ki tirẹ̀ bọ iná láàárín Kútọnu àti Ṣábẹ̀ẹ́? Bí ìjọba bá ń dárí owó orí jì irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, mọ́tò ẹsáǹsì ọlọ́rọ̀ ló ń dárí jì lábẹ́ orúkọ iná.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wọ aṣọ yẹ́lò

Àwọn tó súnmọ́ ìmọ́lẹ̀ jù láàárín wa ni àwọn oní-zémijàn. Kẹ̀kẹ́ oníná ti wọ Kútọnu, ó ti wọ Lomé. Ẹ ń rí wọn: wọn kì í pariwo, wọn kì í rú èéfín. Tí bátìrì bá tán, wọ́n á yà síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á gba èyí tó kún, wọ́n á máa lọ. Ẹni tó bá ní ará Benin kò fẹ́ iná, kí ó lọ dúró ní ìkóríta kan ní Kútọnu láàárọ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi gba kẹ̀kẹ́, tí wọn kò gba mọ́tò? Ìdí kan ṣoṣo ni: wọ́n gbé e sílẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ tó. Wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń dá èsúsú.

Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ọmọ Kétu kan tó ń gun irú kẹ̀kẹ́ yìí ní Kútọnu wá bá wa. Bàbá ìyàwó rẹ̀ kú nílé. Ó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wálé ìsìnkú, kò ṣeé ṣe: ọ̀nà náà lé ní 100 kìlómítà, kò sì sí ibi tí yóò ti pààrọ̀ bátìrì lójú ọ̀nà. Bátìrì náà kì í ṣe tirẹ̀, kò lè ki í bọ iná nílé. Ó wọ takisí wá. Ọjọ́ mẹ́ta tó lò nílé, gbèsè kẹ̀kẹ́ ń ka lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó bi wá pé: "Bàbá, ṣé kẹ̀kẹ́ yìí jẹ́ tèmi, àbí èmi ni mo jẹ́ ti kẹ̀kẹ́?"

A kò rí èsì fún un. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ èyí. Bí ẹnìkan bá ni kẹ̀kẹ́, tí ẹlòmíì ni bátìrì, tí kò sì sí òfin tó ní iye tí wọ́n lè máa gbà fún pípààrọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ibi báyìí, ọjọ́ tí ẹsáǹsì bá parẹ́ nígboro, olówó bátìrì ni yóò máa dá iye fún wa. A ò ní torí àtibọ́ lọ́wọ́ ẹkùn ká sá sẹ́nu kìnnìún.

Kpayo: ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́

A kò ní bá ìjọba wí ká fi ara wa sílẹ̀. Kpayo ti bọ́ ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa. Ó ti rán ọmọ lọ yunifásítì. Ọ̀pọ̀ opó ló ń fi ìgò ẹsáǹsì ẹ̀bá títì tọ́mọ. Ẹni tó bá ń bú wọn kò mọ ohun tó ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29, Ààrẹ tuntun Nàìjíríà ní ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye kpayo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì níbí. Ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè, a kò dìbò níbẹ̀. Owó oúnjẹ wa wà lẹ́nu ọkùnrin kan ní Àbújá. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, iná sọ ní ibi tí wọ́n kó kpayo pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké. Ó kéré tán, ènìyàn 34 jóná kú, ọmọdé wà nínú wọn. A kò gbọdọ̀ gbàgbé wọn. Òwò tó ń jó olówò rẹ̀ kì í ṣe ogún tó yẹ ká fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Nítorí náà, àwa tí a wà létí ibodè ló yẹ ká kọ́kọ́ fẹ́ iná. A sì fẹ́ ẹ. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ opó kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan. Ẹni tó ń ta ẹsáǹsì lẹ́bàá títì lónìí, kí ló dé tí kò lè jẹ́ òun ni yóò máa bójú tó ibi ìpààrọ̀ bátìrì lọ́la? Ó ti mọ oníbàárà rẹ̀ lórúkọ, ó ti ní ààyè lẹ́bàá títì. Ẹ̀kọ́ díẹ̀ àti owó ìbẹ̀rẹ̀ ló kù.

Ohun tí a ń béèrè

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a fẹ́, kí wọ́n má baà ní ariwo lásán ni a ń pa.

Àkọ́kọ́, kí ìdáríjì owó orí ní òkè tí kò gbọdọ̀ kọjá. Mọ́tò olówó gọbọi kò nílò àánú. Takisí, bọ́ọ̀sì àti kẹ̀kẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàánú.

Èkejì, kí ìjọba dúró gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́ fún dírẹ́bà àti oní-zémijàn, kí èlé wọn lè sọ̀kalẹ̀. Kò ṣòro. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yá àwọn ìyá ọjà lówó kékeré, wọ́n rí ọ̀nà, wọ́n tilẹ̀ fi Alafia sọ orúkọ rẹ̀. Kí àlàáfíà náà dé ọ̀dọ̀ dírẹ́bà.

Ẹ̀kẹta, kí ibi ìgbanáwọlé jáde kúrò ní Kútọnu. Ní Ilulofin, nílẹ̀ Ìpòbẹ́ tiwa níbí, ni wọ́n kọ́ ibi tó ń fi oòrùn ṣe iná mẹ́gáwáàtì 25, wọ́n ṣí i lọ́dún 2022. Oòrùn wa ń lọ tan iná fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó yẹ kí mọ́tò kan rí ibi gba iná ní Ìpòbẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n yẹ bátìrì mọ́tò àlòkù wò ní èbúté. Láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù mọ́tò àlòkù 14 ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan, bíi 40% rẹ̀ ló wá sí Áfíríkà. Bí Yúróòpù ṣe ń yí sí iná, mọ́tò oníná àlòkù tiwọn ń bọ̀ níbí, ó sì lè jẹ́ òun ni apá wa yóò kọ́kọ́ ká. Ṣùgbọ́n bí bátìrì rẹ̀ bá ti kú, kò sí mẹkaníkì ní Ìtàkété tó lè jí i. Kí ìwé ìlera bátìrì wà kí mọ́tò tó jáde ní èbúté. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ náà ní iléèwé ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ìkarùn-ún, kí òfin wà lórí iye pípààrọ̀ bátìrì kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin aṣòfin wa, Àjàṣẹ́ ni ẹ ti ń jókòó, nínú ilé wa gan-an. Ẹ ò lè ní ọ̀nà jìn. Ní gbogbo ìparí ọdún ni ẹ ń dìbò sí òfin ìnáwó. Ọdún yìí, kí ẹ tó gbé ọwọ́ sókè lórí ìdáríjì mọ́tò oníná, ẹ béèrè ìbéèrè kan péré: mélòó nínú àwọn tó gbà á ló jẹ́ dírẹ́bà? Bí èsì bá jẹ́ òdo, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe aráàlú ni ojú rẹ̀ kò là.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ náà, a kò ní jókòó máa wo òkè. Ní ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀, a ó gbé àbá kan wá: kí ẹgbẹ́ dá àjọ láti ra takisí oníná kan ṣoṣo fún ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kútọnu, kí a máa kọ èrè àti àdánù rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí lóṣooṣù. Bí ó bá kùnà, a ó sọ ọ́. Bí ó bá yọrí, a ó gbé ìṣirò náà lọ síwájú wọn, a ó ní: ẹ wò ó, àwọn tí ẹ ní wọn kò fẹ́ rèé.

Kí Elédùmarè jẹ́ ká rí ọjọ́ náà. Ire o.